Apànìyàn Inú Ìwé, Apànìyàn Ojú Ayé

Ní ọdún 1971 ni Kọ́lá Akínladé gbé ìwé kan jáde tó pè ní Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ìbéèrè ni àkọlé ìwé náà, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ kà á dé ìparí yóò rí ìdáhùn gbà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 2001, àwọn oníbọn wọ ilé Olóyè Bọ́lá Ìgè ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, wọ́n sì yìnbọn pa á nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òun sì ni Agbẹjọ́rò Àgbà àti mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà lọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Ta ló pa á? Títí di òní, kò sí ilé-ẹjọ́ tó dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n, pẹ̀lú irú òǹkọ̀wé tó ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jìjàkadì. Òǹkọ̀wé kan wà tó ń fi ọgbọ́n inú dá ọ̀ràn sílẹ̀, tó sì ń fi ọgbọ́n inú kan náà tú u. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀ràn tó ti ṣẹlẹ̀ nígboro ló ń tọ̀ lẹ́yìn: yóò lọ jókòó ní kóòtù, yóò ka ìwé ẹ̀sùn, yóò kan ilẹ̀kùn ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ bó ṣe rí. Àwa Yorùbá ní irú àkọ́kọ́, àwọn ògbóǹtarìgì sì ni wọ́n. Irú kejì ló ṣọ̀wọ́n láàárín wa, mo sì gbà pé òun gan-an ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lápapọ̀ nílò jù lọ báyìí.

Kí n tó sọ ìdí, ó yẹ kí n fún àwọn tiwa ní ẹ̀tọ́ wọn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí ní 1929, fi Àjà Ló Lẹrù la ọ̀nà ní 1969, ó sì fi Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé ni akọni inú ìwé méjèèjì: ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, ọkùnrin tí kì í sá fún ìjà. Bí Òkédìjí bá gbé ìjà kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa sáré, òwe á máa lé òwe, òǹkàwé ò sì ní rántí oúnjẹ. Ti Akínladé yàtọ̀. Yorùbá tirẹ̀ ṣe gbọnrangandan, kò kọ́ ọ̀rọ̀ jọ láìnídìí. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, kì í pariwo. Ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn títí irọ́ yóò fi já. Ẹni tó bá ka Owó Ẹ̀jẹ̀, tó jáde ní 1976, tàbí Àgbákò Nílé Tẹ́tẹ́, tó tẹ̀ lé e ní 1980, yóò mọ̀ pé ọkùnrin yìí fẹ́ kí òǹkàwé máa ronú pẹ̀lú òun ni, kì í ṣe kó kàn máa wòran.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Nínú akọni méjèèjì, kò sí èyí tó jẹ́ ọlọ́pàá ìjọba nígbà tó ń tú àṣírí. Lápàdé ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, aládàáni sì ni Olúṣínà. Mo rò pé àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí mọ àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé fún. Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti mọ̀ pé bí àwọn bá ní agbófinró ìjọba nìkan ló tú gbogbo rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, òǹkàwé lè má gbà wọ́n gbọ́. Nítorí náà wọ́n ya ẹnì kan sọ́tọ̀ tí ọkàn wa lè balẹ̀ lé lórí, tí a mọ̀ pé kò ní gba owó, kò sì ní gbàgbé ẹjọ́ náà sínú fáìlì.

Ìyẹn gan-an ni àǹfààní ìtàn àròsọ. Kò sí ẹbí tó máa sunkún, kò sí lọ́yà tó máa kọ lẹ́tà pé o ba òun lórúkọ jẹ́, kò sì sí ẹlẹ́rìí tó máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Òǹkọ̀wé ló ni ẹ̀rí, òun ló ni adájọ́. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni àìlera rẹ̀ wà. A tú àṣírí nítorí pé òǹkọ̀wé fẹ́ kó tú. Ẹni tó bá ti ka mẹ́ta mẹ́rin nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ á ti mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò séwu, ọwọ́ á tẹ ẹni tó ṣe é. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò sí i ní Bódìjà lálẹ́ ọjọ́ tí mo wí yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá yíjú sí apá kejì òṣùwọ̀n. Obìnrin Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Ann Rule, tí wọ́n bí ní 1931, tó sì kú ní 2015. Bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ sheriff, ìyẹn olórí agbófinró ìjọba ìbílẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tó bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, òun àti ìyá àgbà ló ń se oúnjẹ fún àwọn tó wà látìmọ́lé. Ó dàgbà, ó di ọlọ́pàá nílùú Seattle, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tí kò ríran jìnnà ló jẹ́ kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó di ìyá ọlọ́mọ tó ń dá gbọ́ bùkátà. Ìwé ìròyìn ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ True Detective ló ń kọ ìròyìn fún, orúkọ ọkùnrin, Andy Stack, ló sì fi ń kọ ọ́, nítorí àwọn olóòtú gbà pé kò sẹ́ni tó máa ka ọ̀rọ̀ ìpànìyàn lọ́wọ́ obìnrin.

Ní 1971, Ann Rule ń fi òru ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ibùdó kan ní Seattle tí àwọn tó fẹ́ pa ara wọn máa ń pè lórí fóònù fún ìtùnú. Ọ̀dọ́kùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n jọ máa ń jókòó, wọn á jọ gbé fóònù, wọn á jọ bá ẹni tí ayé ti sú sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí obìnrin náà bá fẹ́ máa lọ sílé, ọ̀dọ́kùnrin yìí á sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, á ní kó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ dáadáa, kí aburú má bàa ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà. Ted Bundy lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá ní agbègbè yẹn. Ann Rule bá ilé ìtẹ̀wé ṣe àdéhùn pé òun á kọ ìwé nípa apànìyàn náà, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wá láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n kéde irú ọkọ̀ àti orúkọ àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn gbọ́, ara fu ú, ó sì fi orúkọ Bundy tó ọlọ́pàá kan tó mọ̀ létí. Síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an kó tó gbà nínú ọkàn rẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà sí i látìmọ́lé, ó fowó ránṣẹ́ sí i. Ìwé rẹ̀, The Stranger Beside Me, jáde ní 1980, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ní Florida ti dá Bundy lẹ́bi. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kìíní, ọdún 1989, wọ́n pa Bundy. Ann Rule kọ ìwé tó lé ní ọgbọ̀n kó tó kú, ṣùgbọ́n èyí ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Ohun tó mú kí n máa bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí ni pé kò sọ ara rẹ̀ di akọni inú ìtàn náà. Lápàdé kì í ṣìnà pẹ́. Ann Rule kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣìnà, pé ẹ̀rín músẹ́ àti ìwà pẹ̀lẹ́ lè bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí pàápàá. Kò sí òǹkọ̀wé àròsọ tó lè fún wa ní irú ẹ̀rù yẹn. Nínú àwọn ìwé rẹ̀ yòókù, ó tún ń ṣe ohun kan tó yẹ ká kọ́: ó máa ń sọ ìtàn ayé ẹni tí wọ́n pa, ilé tí wọ́n bí i sí, ohun tó fẹ́ dà, kó má bàa jẹ́ pé apànìyàn nìkan ló máa ku sílẹ̀ nínú ìrántí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo gbé apá kejì yìí ga láìwò ó. Truman Capote, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, kọ ìwé nípa ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n pa lóru nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Holcomb, ní Kansas, ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1959. Ó bá àwọn apànìyàn méjèèjì ṣọ̀rẹ́ lẹ́wọ̀n, ó sì dúró títí wọ́n fi yẹgi fún wọn ní oṣù Kẹrin, ọdún 1965, kó tó rí ìparí fún ìwé rẹ̀. Ìdúró yẹn kò dára létí. Owó ń wọlé lórí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, òkú ò sì lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tú àṣọ lára òun. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Capote wà ní ìdí iṣẹ́ náà bí Ann Rule ṣe wà níbẹ̀.

Ká wá gbé ọ̀rọ̀ Bọ́lá Ìgè wá síwájú àwọn méjèèjì. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nìyí. Ìjà ńlá wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láàárín gómìnà, Olóyè Bísí Àkàndé, àti igbákejì rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001 yẹn, àwọn ọmọ jàǹdùkú kọlu Ìgè láàfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀ níbi ayẹyẹ kan, wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí fìlà jẹ́ lórí àgbàlagbà Yorùbá, pàápàá ẹni tó ti ṣe gómìnà rí láti 1979 sí 1983, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, yóò mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti kọjá ìwọ̀sí lásán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n pa ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun kan, Ọdúnayọ̀ Ọlágbajú, ní Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti Bódìjà. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn ọlọ́pàá tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ilé náà ti jáde lọ jẹun. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yan Ìgè sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin àgbáyé, iṣẹ́ náà ló sì ń múra láti lọ ṣe. Ìyàwó rẹ̀, Adájọ́ Àtínúkẹ́ Ìgè, wà láyé lọ́jọ́ náà. Ní 2003, òun náà kú.

Wọ́n mú àwọn afurasí. Wọ́n gbé igbákejì gómìnà náà lọ sílé-ẹjọ́ lẹ́yìn tí ilé aṣòfin ti yọ ọ́ nípò. Ìbò gbé e wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 2003 nígbà tó ṣì wà látìmọ́lé, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ ní 2004. Àwọn yòókù náà lọ sílé wọn. N kò dárúkọ ọkùnrin náà níbí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni: ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá láre, aláìṣẹ̀ ni níwájú òfin, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìtàn yìí kò sì gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí Ann Rule àti Capote ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà ni ọ̀nà ti dí pa níhìn-ín. Àwọn dúró de ìdájọ́, ìdájọ́ sì dé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dúró de ìdájọ́ lórí ikú Ìgè kó tó kọ̀wé, yóò darúgbó lẹ́nu ìdúró. Akínladé ì bá ti fi Akin Olúṣínà ránṣẹ́, ẹjọ́ ì bá sì parí láàárín ìwé kan ṣoṣo. Àmọ́ ta ni irú ìparí bẹ́ẹ̀ máa tù nínú ní Ẹ̀sà-Òkè? Bí mo ṣe fẹ́ràn ìwé àwọn àgbà wọ̀nyí tó, òkodoro ọ̀rọ̀ ni pé akọni inú ìwé tó ń mú gbogbo apànìyàn lè sọ wá di ẹni tó gbàgbé pé ní ojú ayé, wọ́n ń bọ́.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ann Rule jókòó ti apànìyàn, òun ló sì fi ní ìtàn láti sọ. Ní tiwa, ẹni tí wọ́n pa ni àwọn òǹkọ̀wé wa jókòó tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká mọ Bọ́lá Ìgè ní ọ̀rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ nínú You Must Set Forth at Dawn, tó jáde ní 2006. Ìbínú àti ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì dẹ́kun láti máa béèrè ìdájọ́ òdodo fún un. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbésí ayé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ni ìwé náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, kò sì jókòó ti ẹjọ́ náà láti ọjọ́ kan dé òmíràn. Ìgè náà jẹ́ òǹkọ̀wé: ó kọ Kaduna Boy nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó kọ People, Politics and Politicians of Nigeria ní 1995. Ẹni tó kọ irú ìwé tó tó báyìí sílẹ̀ kò yẹ kó di àkọlé ìròyìn ikú nìkan.

Ẹnì kan lè sọ pé a kò ṣàìní àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Yorùbá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Olóògbé Kọ́láwọlé Ọláwuyì fi ètò Nǹkan Ń Bẹ gbé ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn wọ ilé gbogbo, tí àwọn èèyàn á pa ẹnu mọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti 1996 tí Àlàó Adédayọ̀ ti tún gbé ìwé ìròyìn Aláròyé dìde, ọ̀ràn ìpànìyàn kì í wọ́n lójú ewé rẹ̀. Lọ sí ìdí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ọ̀láìyá, l'Óṣogbo, láàárọ̀: àwọn ọkùnrin á dúró yí i ká, ọwọ́ á wà lẹ́yìn, wọn á máa ka àkọlé láìra ìwé, ẹnì kan á ní ọ̀gá ló rán wọn, ẹnì kejì á ní irọ́ ni, olówó ò ní ṣẹ̀wọ̀n nílùú yìí. Ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ìlú wà níbẹ̀ tó lè kún ìwé. Ṣùgbọ́n ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí ń lé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, ètò rédíò sì ń tán lẹ́yìn wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó ń padà lọ béèrè lọ́dún karùn-ún pé níbo ni ẹjọ́ yẹn já sí.

Síbẹ̀ ẹjọ́ kan parí l'Óṣogbo lójú wa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ṣe ìdánwò ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì padà sílé. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n pe ẹlẹ́rìí, wọ́n gbé ẹ̀rí wá, ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, adájọ́ sì dájọ́ ikú fún ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí Ann Rule máa ń fẹ́ ló wà nínú àkọsílẹ̀ kóòtù yẹn: àkókò, ìwé ìgbàlejò, ọ̀rọ̀ tó takora. Ó dà bí oúnjẹ tí wọ́n ti sè tán tí ẹnikẹ́ni kò bù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn fi ń sunkún nílé.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn òǹkọ̀wé wa. Ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ lè gba ilé lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn tó pànìyàn láìjìyà lè tún pa ẹlòmíràn. Àṣà náà tún wà: àwọn àgbà kì í fẹ́ kí a máa tú ọ̀rọ̀ òkú ọ̀fọ̀ kiri, ẹbí a sì máa ní kí a fi í fún Ọlọ́run. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ẹni tí wọ́n pa. Ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í kọjá àkókò ní òfin wa. Bí ìjọba bá lè tún gbé ẹjọ́ náà dìde lọ́jọ́ mìíràn, ó yẹ kí àkọsílẹ̀ wà tí ẹni tí wọn ò tíì bí lálẹ́ ọjọ́ náà lè kà. Ọmọ ogún ọdún tó wà ní Bódìjà tàbí ní Ẹ̀sà-Òkè nígbà náà ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Àwọn àgbà tó mọ Ìgè gan-an ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí n yan, apá kejì òṣùwọ̀n ni mo máa fi ọwọ́ tẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé Òkédìjí àti Akínladé ló kọ́ wa ní Yorùbá tí a máa fi kọ ọ́. Ọgbọ́n Akínladé, ọ̀nà tó ń gbà fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, ni òǹkọ̀wé náà máa nílò ní kóòtù. Yóò gba sùúrù Ann Rule àti ìgboyà rẹ̀ láti sọ ibi tí ó ti ṣìnà. Yóò sì fi ọkàn Capote sílẹ̀ fún Capote.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ní Bódìjà. Zaria ló máa ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn òbí Ìgè bí i sí ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1930, tí wọ́n jìnnà sí Ẹ̀sà-Òkè. Yóò tọ̀ ọ́ dé ilé-ìwé gíga ní Ìbàdàn àti London, dé Agodi níbi tó ti ṣe gómìnà, dé ọjọ́ tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni alẹ́ yẹn, àti ìgbẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Níbi tí ẹ̀rí bá ti tán, kí òǹkọ̀wé gbé kálàmù sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì fi ìbéèrè náà sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ gan-an, ní Yorùbá, kí wọ́n lè máa kà á ní Obòkun, ní Iléṣà àti l'Óṣogbo: ta ló pa Bọ́lá Ìgè?